Orin gémù àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà: kí ló dé tó ń sáré ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ?

Ọmọ Ìṣọ̀kùn (Iléṣà)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yóò pé ẹni àádọ́ta ọdún ní oṣù tó ń bọ̀, a ó sì ṣe àpèjẹ fún un níhìn-ín ní Iléṣà. Mo fẹ́ kí díjéè fi orin kan sí i tí kò ní yé ẹnikẹ́ni lábẹ́ àtíbàbà àfi àwa ọmọ ìyá. Orin náà ni ti gémù àwọn ọmọ ogun méjì tó ń yìnbọn kọjá nínú igbó, èyí tí a ń gbá títí ilẹ̀ fi ń ṣú ní nǹkan bí ọdún 1995, nígbàkúùgbà tí iná bá wà tí bàbá wa kò sì sí nílé.

Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní fíláàṣì kan tó kún fún irú orin bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn fáìlì kan parí sí .nsf, ti àwọn mìíràn parí sí .spc, díẹ̀ sì parí sí .vgz. Fáìlì .nsf tí mo ń wá kò ju kílóbáìtì 40 lọ, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ń búra pé gbogbo orin inú gémù náà ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi dátà rẹ̀ gba MP3 sórí fóònù rí yóò mọ̀ pé kílóbáìtì 40 kò lè gba orin tó tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, nítorí náà ni mo ṣe rò pé fáìlì náà ti bàjẹ́.

Ètò orin tó bá Windows wá kò mọ̀ ọ́n rárá. VLC ṣí i, orin sì dún, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Orin àkọ́kọ́ nìkan ni mo ń gbọ́, n kò rí àwọn yòókù. Èkejì ni pé orin náà kò ní ìparí, ó kàn ń yí po lórí ara rẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: ó ń sáré. Mo kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ orí ló ti dà mí lórí rú, ni mo bá pe àbúrò wa obìnrin, mo gbé fóònù sí ẹnu kọ̀ǹpútà kí ó gbọ́. Ó ní orin yẹn náà ni, ó wá béèrè pé ta ló ń lé wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo ṣe tí kò dára, báwo ni mo sì ṣe lè sọ ọ́ di ohun tí díjéè lè lò?

Ará Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ìmúra àpèjẹ o, Ọmọ Ìṣọ̀kùn. Fáìlì yín kò bàjẹ́, ọ̀rẹ́ yín kò sì purọ́.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kò sí ohùn kankan tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú .nsf. Nínú MP3, ìlù tí wọ́n ti lù tán ni wọ́n ká sílẹ̀, bí ìgbà tí a gbé rédíò síwájú onílù tí a sì tẹ bọ́tìnì tí ó fi ń gba ohùn. Nínú .nsf, àṣẹ tí gémù fúnra rẹ̀ ń pa fún ẹ̀rọ ni wọ́n yọ kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì gémù, bí ìgbà tí a kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ìyá ìlù sọ báyìí, kí gúdúgúdú máa dáhùn báyìí, kí omele tẹ̀lé wọn báyìí. Ìwé náà fúyẹ́ nítorí pé onílù kò sí nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín ni yóò wá onílù, òun náà ni yóò sì wá ìlù. Ètò orin inú Windows kò ní onílù yẹn, ìdí nìyẹn tí ó fi kọ fáìlì yín.

Onílù tí mo ń sọ ni ṣíìpù kan tí ń jẹ́ 2A03, tí ilé iṣẹ́ Ricoh ṣe fún Nintendo. Ó wà nínú ẹ̀rọ gémù Famicom tó jáde ní Japan ní ọdún 1983, ó wà nínú NES tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe àdàkọ sì dà á kọ sínú àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó gbé ọ̀pọ̀ wa dàgbà. Ohùn márùn-ún péré ló ní. Méjì ń kọ orin gan-an, wọ́n sì máa ń dún gan-n-gan bíi fèrè ọmọdé. Ẹ̀kẹta ni ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ń pariwo ṣáà-ṣáà bí ìgbà tí a ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ̀karùn-ún sì lè gbé ègé ohùn kékeré tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ jáde, irú bí ìró ìlù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbá gémù yẹn dáadáa yóò rántí pé bí ìbọn bá ti dún, apá kan nínú orin a pa lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìbọn ló yá ọ̀kan nínú ohùn márùn-ún náà lò. Nígbà tí kò sí ìbọn nínú ohun tí ẹ ń gbọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó gbọ́ orin náà ní odindi, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé yín.

Ní ti orin yòókù, wọ́n wà níbẹ̀. Fáìlì .nsf kan ṣoṣo ló máa ń kó gbogbo orin gémù kan dání, VLC sì ń ka orin kọ̀ọ̀kan sí àkọlé kan, nítorí náà ẹ wo abẹ́ Playback, ẹ ó rí Title níbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ti lè mú èyí tó wù yín. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, foobar2000 ni n bá gbà yín nímọ̀ràn láti lò lórí Windows, kí ẹ sì fi àfikún tí wọ́n ń pè ní Game Emu Player kún un. Yóò to gbogbo orin inú fáìlì náà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń lo Linux lè lo Audacious, ó ti ní tirẹ̀ nínú. Inú agbo kan náà ni gbogbo wọn ti jáde, nítorí pé iṣẹ́ Shay Green, ìyẹn Game_Music_Emu, ló wà nídìí VLC, ti foobar2000 àti ti Audacious lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó mọ .nsf, ó mọ .spc, ó mọ .vgz, ó sì mọ .gbs tó jẹ́ ti Game Boy.

Àìníparí tí ẹ ń sọ kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó kọ orin náà kò lè mọ ìgbà tí ọmọdé yóò kú nínú gémù, nítorí náà ó ṣe orin rẹ̀ kí ó lè máa yí títí di ìgbà tí ọmọ náà bá kú tàbí tí ó bá borí. Báìtì 128 tó wà níwájú fáìlì .nsf sọ orúkọ gémù, ẹni tó ni orin àti iye orin tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bí orin kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Ètò tí ẹ bá ń lò ni yóò pinnu ibi tí yóò ti gé e, ẹ̀yin náà sì lè yí iye ìṣẹ́jú yẹn padà.

Àwọn .spc ní tiwọn jẹ́ ti Super Nintendo. Orin kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, ó lé díẹ̀ ní kílóbáìtì 64, nítorí pé odindi ìrántí apá tó ń ṣe ohùn nínú ẹ̀rọ náà ni wọ́n dà sínú rẹ̀. Ken Kutaragi ti Sony, ẹni tó wá di bàbá PlayStation, ló ṣe ṣíìpù ohùn yẹn. Àwọn .vgz jẹ́ àkọsílẹ̀ gbogbo àṣẹ tí gémù pa fún ṣíìpù ohùn, pẹ̀lú iye àkókò tó wà láàárín àṣẹ kan àti èkejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti Sega.

Ti sísáré yẹn, ó ní àwọn tó mọ inú ẹ̀rọ jù mí lọ níbí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alẹ́ (Ilé-Ifẹ̀)

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú tó báyìí? Gbogbo orin gémù wọ̀nyí ló wà lórí YouTube. Ẹ mú un níbẹ̀, ẹ fi VLC ṣí i, ẹ dín ìyára rẹ̀ kù sí nǹkan bíi 0.8, ẹ sì gbé e fún díjéè. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ ti ṣe é tán.

Atúnẹ̀rọṣe Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Àbúrò mi Akẹ́kọ̀ọ́ Alẹ́, ọ̀nà tí o là yẹn kò burú fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin náà lásán nínú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n "nǹkan bíi 0.8" jẹ́ fífojú díwọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ yìí ní iye gidi tí a lè ṣírò rẹ̀. Mo ti ń tún tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ gémù ṣe láti ìgbà tí ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí ti ń sá fún bàbá rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kọ̀ǹpútà yín kò sáré, Ọmọ Ìṣọ̀kùn. Ẹ̀rọ tí ẹ ní nílé ló ń rọra. Ètò PAL ni tẹlifíṣàn wa ní Nàìjíríà ń lò, ó sì ń ya ojú àwòrán rẹ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. NTSC ni ti Japan àti ti Amẹ́ríkà, òun ń ya tirẹ̀ ní ìgbà 60. Gémù ayé ìgbà yẹn kò sì ní aago mìíràn tó ń wò ju ti àwòrán yìí lọ: ìgbàkígbà tí ẹ̀rọ bá ya àwòrán kan tán, a pe ètò orin lẹ́ẹ̀kan pé kí ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹni tó kọ orin yín ní Japan kọ ọ́ fún ìpè 60. Nígbà tó dé Iléṣà, ìpè 50 ló ń gbọ́. Ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ìyára rẹ̀ ló ṣẹ́kù, tó fi jẹ́ pé orin tó yẹ kó parí ní ìṣẹ́jú kan ń lo ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 12. Ìyàtọ̀ yẹn kò kéré. Ó tó kí àbúrò yín béèrè ẹni tó ń lé wọn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ìró ohùn, ìyẹn bóyá ohùn náà ga tàbí ó lọ sílẹ̀, nítorí pé ibòmíràn ni èyí ti ń wá. Kírísítà tó wà lórí bọ́ọ̀dù ló ń darí rẹ̀. Ti ẹ̀rọ NTSC ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 21.477 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣíìpù a sì pín in sí ọ̀nà 12, èyí tó fún un ní mílíọ̀nù 1.79. NES tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ń lo kírísítà 26.601, ó sì ń pín in sí 16, ó wá di mílíọ̀nù 1.66. Nítorí náà, orin tí wọn kò bá tún ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù kò ní rọra nìkan, ohùn rẹ̀ pàápàá yóò lọ sílẹ̀ débi tí etí yóò fi mọ̀. Àwọn tó ṣe àdàkọ gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣíìpù tí UMC ti Taiwan ṣe fún àwọn ẹ̀rọ àdàkọ PAL ń lo kírísítà 26.601 kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà 15 ló ń pín in sí, ó sì di mílíọ̀nù 1.77. Orin a rọra, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Dendy ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa nǹkan wọ̀nyí ń pe ètò yìí, wọ́n yọ orúkọ náà lára àdàkọ Famicom kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1992.

Kí a tó sọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ lọ wá ẹ̀rọ náà bó bá ṣì wà. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, ẹ tú ìdí rẹ̀, ẹ wá nǹkan irin fàdákà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì lórí bọ́ọ̀dù. Wọ́n tẹ nọ́ńbà sí orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 21.477, NTSC ni, a ó sì tún bi ara wa léèrè bóyá àwòrán rẹ̀ kì í ṣe dúdú àti funfun. Bí ó bá jẹ́ 26.601, a mọ ibi tí a ń lọ.

Ọmọ Ìṣọ̀kùn (Iléṣà)

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo rí i! Ó wà nínú yàrá ẹrù ìyá mi, lábẹ́ àpò ẹ̀wà, pẹ̀lú páàdì kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi fi ehín jẹ wáyà rẹ̀ nígbà tí mo na án. Ìyá mi béèrè bóyá mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gémù padà lọ́jọ́ orí mi yìí ni, n kò rí èsì fún un.

Aáyán ti kó ilé sí i nínú. Ṣíìpù rẹ̀ kò ní orúkọ kankan lórí, ọ̀dà dúdú kan ni wọ́n kán bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kírísítà rẹ̀ ṣì mọ́, mo sì fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka ohun tó wà lórí rẹ̀: 26.601712.

Ṣé ìyẹn ni pé ti Dendy yẹn ni? Báwo ni mo ṣe máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó máa ṣe bíi tirẹ̀?

Atúnẹ̀rọṣe Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Àdàkọ, kírísítà 26.601, tẹlifíṣàn PAL: mo gbà pé ọ̀nà 15 ni. Ẹ jẹ́ kí etí yín jẹ́rìí sí i nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ ọ. Bí ìyára bá bá a mu ṣùgbọ́n tí ìró fèrè yẹn ṣì ṣe àjèjì sí yín létí, ẹ rántí pé àwọn àdàkọ kan ṣi wáyà méjì inú ṣíìpù sí ipò ara wọn, èyí tó mú kí ohùn tó yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́ máa dún gbandi, kí èyí tó yẹ kó dún gbandi sì máa tẹ́ẹ́rẹ́. Ètò kan tí ń jẹ́ NSFPlay, tó ń kọ orin .nsf, ní ibi tí a ti lè yí ìyẹn padà.

Ará Lágéré, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kù, ọwọ́ yín ló wà.

Ará Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ nìkan lè lo NSFPlay lórí Windows, kí ó sọ fún un nínú ètò rẹ̀ pé Dendy ni kí ó máa lò fún gbogbo fáìlì. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ fẹ́ fi foobar2000 sọ ọ́ di fáìlì tí díjéè lè lò, ẹ jẹ́ kí a yí fáìlì náà fúnra rẹ̀ padà. Kò le, báìtì méjì péré ni.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà kan sí ẹ̀gbẹ́, kí àṣìṣe má baà ba tiyín jẹ́. Ẹ wá ètò kan tí ń jẹ́ HxD, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń ṣí fáìlì sílẹ̀ ní báìtì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti fi ṣí ẹ̀dà náà, lẹ́tà NESM ni ẹ ó kọ́kọ́ rí ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni yóò fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé .nsf gidi ni. Ẹ wá lọ sí ipò 6E (ìkà oní-mẹ́rìndínlógún ni HxD ń lò, lẹ́tà A dé F ló dúró fún 10 dé 15). Iye àkókò tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìpè orin kan àti èkejì ló wà níbẹ̀, ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí 1A 41, èyí tó jẹ́ 16666, tàbí FF 40, èyí tó jẹ́ 16639. Bí ẹ bá fi èyíkéyìí nínú wọn pín mílíọ̀nù kan, ẹ ó rí 60 tí bàbá sọ. Ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ 20 4E dípò rẹ̀. Ìyẹn ni 20000, tí í ṣe ìpè 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú pé báìtì kékeré ló ṣáájú ńlá, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ tún wo ipò 7A: bí 00 bá wà níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yìí ni pé ìpè ni a yí padà, a kò fọwọ́ kan aago ṣíìpù. Orin yóò rọra, ohùn yóò sì dúró sí ipò rẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà tí ẹ̀rọ inú yàrá ẹrù ìyá yín ń ṣe.

Ẹ fi foobar2000 ṣí ẹ̀dà tuntun náà, ẹ tẹ́tí títí ẹ ó fi mọ ibi tí orin ti yí po, ẹ ka iye ìṣẹ́jú rẹ̀. Mo máa ń fi orin sílẹ̀ kí ó yí ní ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kí ohùn rẹ̀ máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Àyè wà fún nọ́ńbà méjèèjì nínú ètò Game Emu Player. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ orin náà, ẹ mú Convert, kí ẹ sì yan WAV. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ díjéè ló mọ WAV.

Olùkọ́ Orin (Mọdákẹ́kẹ́)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀ ní ti etí. Nígbà tí VLC bá dín ìyára orin tí wọ́n ti ká sílẹ̀ kù tí kò sì fẹ́ kí ohùn lọ sílẹ̀, ńṣe ló ń gé ohùn náà wẹ́wẹ́, tó ń tún apá kan nínú àwọn ègé náà lò, tó sì ń rán wọn pọ̀, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ ojú ìránpọ̀ rẹ̀, pàápàá níbi ìlù. Bí wọ́n bá sì fi ohùn sílẹ̀ kó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyára, bí ìgbà tí bátìrì rédíò ń kú lọ, orin náà á di ti ẹlòmíràn. Àwa tí a ń fi ìlù sọ̀rọ̀ mọ̀ pé ẹni tó fa ọṣán ju bó ṣe yẹ lọ ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú ọ̀nà tí Ará Lágéré là sílẹ̀, ṣe ni onílù ń lu ìlù náà lọ́tun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo gbìyànjú méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà mi lálẹ́ àná, wọn kò jọra rárá.

Ẹ má ṣe dán irú rẹ̀ wò lórí àwọn .spc yín o. Super Nintendo ní aago tirẹ̀ fún apá ohùn, kò sí ohun tó kan án pẹ̀lú tẹlifíṣàn, ètò orin rẹ̀ sì sábà máa ń fi aago yẹn ka ìgbésẹ̀ rẹ̀. Orin rẹ̀ kì í sábà rọra nítorí pé ó dé ilẹ̀ PAL.

Ó ku ọ̀rọ̀ gbohùngbohùn àpèjẹ. Ohùn ìsàlẹ̀ nínú ṣíìpù 2A03 kò ní ibi tí wọ́n ti ń dín agbára rẹ̀ kù, ó lè dún tàbí kí ó dákẹ́, kò sí àárín. Lórí fóònù, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. Lórí àwọn àpótí gìrìwò tí àwọn díjéè wa máa ń tò sí ẹnu ọ̀nà àtíbàbà, yóò mi àga lábẹ́ ìdí àwọn àgbà, fèrè méjèèjì yóò sì máa gún wọn létí. Ẹ jẹ́ kí díjéè dín òkè àti ìsàlẹ̀ kù díẹ̀ kí ó tó fi í sí i, kí ẹ sì dán an wò kí àlejò tó dé. Ẹ má sì bínú bí ohùn kan náà bá ń jáde ní ọ̀tún àti ní òsì, bí ẹ̀rọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alẹ́ (Ilé-Ifẹ̀)

Mo gbà. Mo ti ń lo VLC láti ọjọ́ yìí, n kò mọ̀ pé Title yẹn wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìṣọ̀kùn (Iléṣà)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. FF 40 ni mo bá níbẹ̀, mo yí i padà sí 20 4E gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì náà ṣí. Iná lọ nígbà tí mo ń sọ ọ́ di WAV, láptọ́ọ̀pù mi sì gbé e dé òpin kí bátìrì tó kú.

Ìyára rẹ̀ bá a mu. Mo tún pe àbúrò wa, n kò sọ ohunkóhun fún un, mo kàn gbé fóònù sí ẹnu kọ̀ǹpútà bíi ti àkọ́kọ́. Kò sọ̀rọ̀ títí orin fi yí ní ẹ̀ẹ̀kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣe ìbọn. Ní ti fèrè, bàbá Ìlódè, òótọ́ lẹ sọ: ó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo yí i padà nínú NSFPlay, ó di ti ilé wa gan-an. N kò tíì mọ èyí tí n ó gbé fún díjéè, nítorí pé ti NSFPlay ni mo fẹ́, ti foobar2000 ni mo sì ti ṣe tán.

Ará Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Ti NSFPlay ni kí ẹ gbé fún un. Òun náà lè kọ WAV, kí ẹ kàn rí i pé ẹ sọ gígùn orin fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀dà tí ẹ ti yí báìtì rẹ̀ padà sínú rẹ̀, ẹ má ṣe tún yan Dendy lé e. Ẹ lo fáìlì ti àkọ́kọ́ tí ẹ kò fọwọ́ kàn, kí Dendy ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ má baà máa ṣe kàyéfì nípa èyí tó ń darí ìyára.

Atúnẹ̀rọṣe Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Mo bá yín yọ̀. Ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá ẹrù yẹn, ẹ má jẹ́ kí ìyá dà á nù o. Bí ibi tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ kò bá tíì dípẹtà, tí ẹsẹ̀ 60 rẹ̀ sì pé, mo ní oníbàárà kan tó ti ń wá irú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá wá sọ lẹ́yìn àpèjẹ pé òun fẹ́ gbá gémù náà gan-an, ẹ gbé e wá sí Ìlódè, a jẹ́ pé oníbàárà mi yóò tún dúró díẹ̀ sí i.